Bẹ́ ẹ ṣe máa mú kí kánsù yín ṣe dọ́gba fún gbogbo èèyàn: lẹ́tà tí wọn ò ní jù sápá kan

Púpọ̀ nínú lẹ́tà táwọn èèyàn ń gbé lọ sí kánsù l'Abẹ́òkúta níbí lórí ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ àti ìyàsọ́tọ̀ ni kì í rí èsì gbà. Wọ́n máa ń gbé e wá kí n bá wọn wò ó kí wọ́n tó fi sílẹ̀, bí mo bá sì ti ṣí i báyìí mo ti mọ ohun tó máa wà níbẹ̀: "Àwa náà ọmọ èèyàn ni, a fẹ́ kí ìjọba máa ṣe dọ́gba fún gbogbo wa, kí wọ́n má fojú tẹ́ńbẹ́lú wa mọ́." Òótọ́ ni kẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ buwọ́ lu ìyẹn? Ọ̀gá tí lẹ́tà yẹn bá dé iwájú ẹ̀ á kà á, á mi orí, á kọ "noted" sí i lára, wọ́n á tì í bọ fáìlì, ó parí nìyẹn, ẹ̀yin á wá máa sọ kiri pé ìjọba ò gbọ́.

Dọ́gba ò ṣeé buwọ́ lù. Ràǹpù ṣeé buwọ́ lù. Kí wọ́n ya àga sọ́tọ̀ fún aboyún àti àgbàlagbà níwájú kántà, ó ṣeé buwọ́ lù, kí wọ́n tún ìkéde kọ ní Yorùbá, ó ṣeé buwọ́ lù, kí wọ́n yọ ìlà "orúkọ ọkọ" kúrò nínú fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀bù ọjà, ìyẹn náà ṣeé buwọ́ lù. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ẹ̀ ló dúró lé: ẹ bèèrè nǹkan kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ẹnì kan pàtó, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ sí i.

Ó wà fún ẹni tó ń lo wheelchair tàbí ọ̀pá, ó wà fún adití, fún ẹni tí ò ríran, fún obìnrin tí wọ́n ní kó lọ mú ọkọ ẹ̀ wá, fún ẹni tí wọ́n bí sí Sábó tàbí Làfẹ́nwá tí wọ́n ṣì ń sọ fún pé kó lọ sí ìlú bàbá ẹ̀, àti fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ kánsù tí ò mọ ẹni kankan níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Ìwé kan tẹ́ ẹ máa fi kọ nǹkan sílẹ̀, kó má jẹ́ bébà tó máa sọnù.
- Téèpù bíríkìlà. Ẹ yá a, ẹ má rà á.
- Fóònù tó ń ya fọ́tò tó mọ́.
- Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, kì í ṣe aṣojú ẹ̀.
- Owó fótókọ́pì àti owó ọkọ̀ ìgbà mélòó kan. Ẹ jọ dá a ni o, kó má wà lọ́rùn ẹnì kan.
- Òfin mẹ́ta, kẹ́ ẹ mọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn wà fún. Àkọ́kọ́ ni Section 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999, tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà ẹ̀, ibi tó ti wá, pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn ẹ̀ tàbí òṣèlú tó ń ṣe. Ìkejì ni òfin tó kọ ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019. Ìkẹta ni òfin FOI ọdún 2011, ìyẹn òfin tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba.

Ìwé òfin kan náà tún sọ ní Section 14(4) pé bí wọ́n bá ń to àwọn èèyàn sínú kánsù, àti bí kánsù bá ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, kí wọ́n rántí pé oríṣiríṣi èèyàn ló ń gbé lágbègbè náà. Ó dùn ún kà sétí ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè torí òun nìkan gbé wọn lọ sí kóòtù, torí abẹ́ Chapter Two ló wà, ìyẹn apá ìwé òfin tí wọn kì í torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ kánsù tó jẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹ̀ ni

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gúúsù Abẹ́òkúta, Aké lọ́fíìsì wọn wà. Àríwá Abẹ́òkúta, Akomoje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Obantoko tẹ́ ẹ ń pe ara yín ní ará Abẹ́òkúta, púpọ̀ nínú yín, Ọ̀dẹ̀dá ni kánsù yín, lẹ́tà tẹ́ ẹ bá gbé lọ sí Aké, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín tẹ̀ríntẹ̀rín, kò sì ní dé ibì kankan.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ṣé kánsù ló ni nǹkan ọ̀hún? Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní wọ́ọ̀dù, tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kánsù lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọjà, gáréèjì, ilẹ̀ ìsìnkú, ilé ìpẹran, ojú ọ̀nà kéékèèké, ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Ìjàyè, ìpínlẹ̀ ló ni ín, FMC Ìdí-Àbà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, NIN náà ti àpapọ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí kánsù nítorí wàhálà NIN, ẹ ti fún wọn láyè láti dá yín lóhùn pẹ̀lú ìlà kan péré.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bèèrè lọ́wọ́ alága CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) yín, kẹ́ ẹ sì wo PVC yín, ìyẹn káàdì ìdìbò, orúkọ kánsù àti wọ́ọ̀dù máa ń wà lára ẹ̀ (tó bá jẹ́ àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé báyìí lẹ ti forúkọ sílẹ̀ o). Bí àwọn méjèèjì bá bára mu, ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rìn ín láti títì dé kántà

Ẹ mú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn dání, ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ní àárọ̀ tí èrò pọ̀, kì í ṣe ọ̀sán Friday tí ọ́fíìsì ti dá. Ibi tí ọ̀kadà tàbí Márúwá ti já yín sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, torí wàhálà kì í dúró dé ẹnu ọ̀nà. Ìlú olókè lèyí, ẹ mọ̀. Ṣé gọ́tà wà láàárín títì àti géètì? Ṣé wọ́n fi pákó lé e lórí àbí kọnkéré? Ṣé wheelchair gba orí pákó yẹn? Ṣé ilẹ̀ yẹn jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà kéékèèké máa rì sí?

Ẹ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ka àtẹ̀gùn. Ẹ wọn gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ àpapọ̀ ẹ̀. Ẹ wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn láti férémù sí férémù nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tán. Ínṣì 32 ló yẹ kó kéré mọ, bó bá dín síyẹn, ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ yí wheelchair á há ìka sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ wo kántà: ṣé ẹni tó jókòó lè rí ojú òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àbí igi nìkan ló máa rí? Ẹ bèèrè ilé ìyàgbẹ́. Bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ lọ wá ẹni náà, kẹ́ ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà yín sílẹ̀.

Bí ràǹpù bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wọn ín. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan tí àtẹ̀gùn bá fi ga, ràǹpù gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ọ̀pọ̀ ràǹpù tí mo ń rí láwọn ilé ìjọba, ọkùnrin alágbára méjì ló máa ti èèyàn gorí ẹ̀, bí wọ́n bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó di gọ́tà. Àwọn míì lẹ táìlì dídán sí i lórí, òjò ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti di ibi ìyọ̀.

Fún adití, bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ni kẹ́ ẹ fiyè sí. Bó bá jẹ́ ariwo ni wọ́n fi ń pe orúkọ, tí ò sí nọ́ńbà tí èèyàn lè fojú rí, adití máa jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fún ẹni tí ò ríran, ta ló ń ka fọ́ọ̀mù sí i létí, ṣé gbangba ni wọ́n ń bá a kà á tí gbogbo èrò ń gbọ́ àìsàn tó ń ṣe é? Fún ìyá tí ò kàwé, èdè wo ni ìkéde ara ògiri? Mo ti rí ìkéde ọ̀fẹ́ fún àwọn aláboyún tí wọ́n kọ pátá ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà wínníwínní, níbi tí gbogbo ẹni tó jókòó ti ń sọ Ẹ̀gbá àti Ègùn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ṣe pàtàkì. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé "àwa ò ṣe fún àlejò níbí", ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹ fi àkókò sí i, ẹ kọ kántà tó wà, ẹ kọ ẹni tó gbọ́. Ẹ má tún un sọ. "Ó bú wa" ò wúlò fún nǹkankan.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* ẹni tó lẹ́sẹ̀ pípé ló máa ń lọ wò ó, á padà wá ní "kò burú púpọ̀ jù". Ó máa sọ bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ṣebí ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi gùn ún. Ìkejì, àwọn kan á yọ fóònù wọ inú ọ́fíìsì, wọ́n á máa ya ojú òṣìṣẹ́, ìjà á sì dé. Àtẹ̀gùn àti gọ́tà, ẹ lè yà á láti ìta. Bó bá jẹ́ inú ilé, ẹ tọrọ àyè, bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹni tí ò bá yín lọ ní ìwé yẹn, kó yàwòrán ibẹ̀. Bí ò bá lè yà á, ohun tẹ́ ẹ kọ ò tíì tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bèèrè pé "níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Púpọ̀ nínú ìyàsọ́tọ̀ tó wà ní kánsù, òfin kankan ò gbé e kalẹ̀, àṣà ọ́fíìsì ni, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹni tó gba ipò ẹ̀ ń ṣe é lọ. Obìnrin lọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jà, wọ́n ní kó mú ọkọ ẹ̀ wá buwọ́ lù ú. Ọkùnrin wá, wọn ò ní kó mú ìyàwó wá. Ìyá tí ọkọ ẹ̀ wá láti Benue gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń bèèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọmọdé! Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó, èyí ò sí nínú ẹ̀.

Ẹ má bá òṣìṣẹ́ kántà jà. Ẹ rọra sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kúuṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ṣé ẹ lè fi ìwé tó sọ pé ká mú ọkọ wá hàn wá, ká lè lọ ṣe fótókọ́pì ẹ̀?"

"Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Ó yé wa mà. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá sákúlà ni, ká lè sọ fáwọn yòókù kí wọ́n má bàa wá lásán."

Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n lè rí ìwé mú jáde, ẹ ti wá mọ ẹni tó buwọ́ lù ú nìyẹn, òun lẹ máa kọ̀wé sí. Bí wọn ò bá rí ìwé kankan, ó pọ̀ kí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe é fún yín lójú ẹsẹ̀, kó ní "ẹ jẹ́ ká kàn ṣe é báyìí ná". Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn pa ọ̀rọ̀ náà tì, torí ẹ̀yin nìkan ló ṣe é fún, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún bá a níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ìgbésẹ̀ yìí, ó yẹ kẹ́ ẹ lè sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, àṣà ni, tàbí ilé ni wọ́n kọ́ báyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú ọ̀kan, ẹ wá ẹni tó ni ín

Ẹ ti ní nǹkan tó pọ̀ nínú ìwé báyìí, ó á máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ dà á lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó bá bèèrè nǹkan mẹ́sàn-án, èyí tó rọrùn jù níbẹ̀ ni wọ́n á ṣe (wọ́n á kun ilé), wọ́n á ní àwọn ti dá yín lóhùn.

Ràǹpù, ilẹ̀kùn, gọ́tà, ilé ìyàgbẹ́: ẹ̀ka Works. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù: ẹ̀ka ìlera. Fọ́ọ̀mù, ìkéde, ìlà tí èèyàn ń tò sí, ìwà òṣìṣẹ́, ìgbanisíṣẹ́: Admin. Ẹni tó jẹ́ olórí gbogbo òṣìṣẹ́ kánsù ni HOLGA, òṣìṣẹ́ ìjọba lòun, kì í ṣe olóṣèlú, alága máa lọ, òun tàbí irú ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn kì í ka HOLGA sí, alága nìkan ni wọ́n ń sáré bá, ọ̀dọ̀ HOLGA ni fáìlì sì ń kọjá. Ẹ darí lẹ́tà sí alága bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ àdírẹ́sì pé HOLGA ni kó mójú tó o.

Èwo lẹ máa kọ́kọ́ mú? Èrò tèmi: èyí tí owó ẹ̀ kéré jù tí èèyàn tó pọ̀ jù máa jàǹfààní ẹ̀. Ìlà ni mo máa ń sọ fún wọn. Òfin ọdún 2018 yẹn ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá ẹni tó ní ìpèníjà ara lóhùn bí ìlà bá wà, kí wọ́n ṣe tiẹ̀ láìdúró sórí ìlà bó bá ti lè ṣeé ṣe. Kò ná kánsù ní kọ́bọ̀. Pátákó kan lára ògiri, ìwé kan tí HOLGA buwọ́ lù fún àwọn tó wà ní kántà. Ẹ borí nínú ìyẹn, wọ́n á ti mọ̀ yín lójú kẹ́ ẹ tó wá gbé ti ràǹpù dé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń kọ ní kánsù, ẹ lè wá ẹni tó máa bá yín kọ ọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ọ̀rọ̀ yín má bàa sọnù sínú Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Bí inú ẹ̀ ṣe lè rí rèé:

> À ń kọ lẹ́tà yìí lórúkọ àwa 14 tá à ń gbé ní wọ́ọ̀dù [nọ́ńbà]. Márùn-ún nínú wa ń lo wheelchair tàbí ọ̀pá.
>
> Ní [déètì], ní agogo 9 àárọ̀, a lọ sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wa. Àtẹ̀gùn 4 ló wà lẹ́nu ọ̀nà, gíga gbogbo ẹ̀ jẹ́ ínṣì 24, kò sì sí ràǹpù. Aboyún kan nínú wa ò lè wọlé, ìta lójú gbogbo èèyàn ni nọ́ọ̀sì ti wá yẹ̀ ẹ́ wò.
>
> A bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bá wa ṣe ràǹpù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, níbi tí àyè wà. Kó tó di pé ó parí, a bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ya ibì kan tó ní kọ́tìnnì sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ fún àyẹ̀wò.
>
> A máa padà wá gbọ́ èsì ní [déètì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i]. Fọ́tò 2 àti ìwọ̀n tá a wọ̀n wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

Ẹ wò ó, kò sí èébú níbẹ̀, kò sí "ẹ̀tọ́ wa ni" ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Iye àtẹ̀gùn ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Aboyún yẹn, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ àyàfi bó bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* òfin. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n fi Section 42 jà fún ẹni tó ń lo wheelchair. Ẹ ka Section yẹn dáadáa, ìpèníjà ara ò sí nínú ohun tó kà sílẹ̀, ọjọ́ orí náà ò sí níbẹ̀. Fún obìnrin, fún ẹ̀yà, fún ẹ̀sìn, ẹ lo Section 42. Fún ìpèníjà ara, òfin ọdún 2018 lẹ máa lò: ó fún àwọn ilé ìjọba lọ́dún 5 láti tún ibi tí ò dáa ṣe, ọdún 5 ọ̀hún sì ti pé ní January 2024. Òfin yìí ní owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n nínú, àwọn kan máa ń fẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Bẹ́ ẹ bá ti halẹ̀, agbẹjọ́rò kánsù ló máa dá yín lóhùn dípò Works, yóò ní òfin Àbújá ni, ìjọba ìbílẹ̀ ò sí lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó wá jókòó síbẹ̀ máa jiyàn títí ọdún á fi yí po. Ìlà kan tó dárúkọ òfin náà ti tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka lẹ́tà náà sí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì létí, kẹ́ ẹ bi í pé "kí la bèèrè?" Ó yẹ kó fi gbólóhùn kan dáhùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ríjísírì, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀

Ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ gbé e lọ sí ríjísírì, ọ́fíìsì tí kánsù ti ń gba lẹ́tà wọlé. Wọ́n á gba ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi sítáǹpù lu èyí tó kù lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú déètì àti sáìnì. Bí wọ́n bá ní "ẹ fi sílẹ̀, ọ̀gá ò sí nílé", ẹ fèsì pé "ẹ ṣé sà, ẹ kàn bá wa lù ú pé ẹ ti gbà á". Ìgbà míì wọ́n á ní sítáǹpù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ jẹun. Ẹ jókòó dè é.

Àwa èèyàn fẹ́ràn ká fi lẹ́tà rán "ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀". Ẹ̀gbọ́n lè gbé e dé tábìlì lóòótọ́, àmọ́ lẹ́tà tí ò gba ríjísírì wọlé, kò ní nọ́ńbà, ohun tí ò bá sì ní nọ́ńbà ní kánsù, kò tíì ṣẹlẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* sítáǹpù, déètì, nọ́ńbà fáìlì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára ẹ̀dà tiyín. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbi ìpamọ́ nínú fóònù ẹni méjì.

Ìgbésẹ̀ 7: Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ẹ kọ́kọ́ wá iye

"Èèyàn wọn nìkan ni wọ́n ń gbà." Ó lè jẹ́ òótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ láìní iye lọ́wọ́, wọ́n á ní ẹ̀ ń jowú. Òfin FOI lẹ máa fi gba iye. Ẹ ò nílò agbẹjọ́rò, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń bèèrè. Ẹni tí ò lè kọ̀wé lè fẹnu bèèrè, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá ní òfin yẹn ò kan ìjọba ìbílẹ̀, Supreme Court ti yanjú ẹ̀ ní 2025, ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin yìí: iye òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, iye obìnrin tó wà láti Grade Level 12 sókè, iye òṣìṣẹ́ tó ní ìpèníjà ara, àti ibi tí wọ́n lẹ ìkéde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn sí pẹ̀lú déètì ẹ̀. Ẹ má bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni o. Òfin yẹn náà ló dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn, bẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ sí i, wọ́n ti rí àwáwí.

Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un bí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí ẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀ ni, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí, owó ìtanràn ẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Bí iye bá wá dé, ẹ ṣírò. Òfin ọdún 2018 ní kí àwọn tó ní ìpèníjà ara tó 5% nínú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán. Ká ní òṣìṣẹ́ 400 ni, ó yẹ kí wọ́n tó 20. Wọ́n á ka gbólóhùn "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó" sí yín létí torí ó wà nínú òfin náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ bèèrè ibi tí wọ́n lẹ ìkéde sí. Bó bá jẹ́ pátákó inú ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, wọn ò lè ní àwọn ti gbìyànjú àwọn ò rí èèyàn. Ohun tẹ́ ẹ máa wá bèèrè á já gaara: kí ìkéde tó ń bọ̀ wà lára ògiri ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù gbogbo, lọ́jà, ní ìpàdé CDA, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìdánwò wà nísàlẹ̀ ilé, kí adití lè mú ẹni tó ń fọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ dání.

Ẹ kíyè sí ibi tẹ́ ẹ ń darí ẹ̀ sí: iṣẹ́ Grade Level 1 sí 6, kánsù ló sábà ń mójú tó o, láti 7 lọ sókè jẹ́ ti Local Government Service Commission.

Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbi ìdánwò nítorí oyún tàbí ẹsẹ̀, kó tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi pè é, kó kọ̀wé bèèrè ìdí, kó sì tètè rí agbẹjọ́rò, ó kéré tán àwọn Legal Aid Council. Ẹ má jẹ́ kí oṣù 3 kọjá, torí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀. National Industrial Court ni ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, ẹ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: "Fáìlì nọ́ńbà yìí, tábìlì ta ló wà?" Bí wọ́n bá ní wọ́n ti mínútì ẹ̀ sí Works (ìyẹn ni pé ọ̀gá ti kọ ọ́ sára fáìlì pé kó lọ síbẹ̀), ẹ kọjá sí Works lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ má lọlé.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta míì bá kọjá láìsí nǹkankan, ẹ kọ lẹ́tà kejì, ìlà márùn-ún péré, ẹ so ẹ̀dà tó ní sítáǹpù mọ́ ọn, ẹ fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Kánsẹ́lọ̀ ló lè gbé e dìde níbi tí wọ́n ti ń jíròrò owó ọdún, ràǹpù tí ò bá sì sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àánú ló kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà Public Complaints Commission tàbí National Human Rights Commission. Àwọn méjèèjì ò gba owó. Wọ́n máa bèèrè ohun tẹ́ ẹ ti ṣe kẹ́ ẹ tó wá, ibẹ̀ ni sítáǹpù yín ti máa wúlò. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e lọ sí kóòtù tẹ́lẹ̀, Public Complaints ò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rédíò, mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà kejì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná. Bẹ́ ẹ bá lọ sórí afẹ́fẹ́ kí fáìlì tó kúrò ní ríjísírì, wọ́n á ní àwọn ò tíì rí i, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí wọ́n bá gbà

Iṣẹ́ ò tíì tán. Bíríkìlà tí kánsù máa rán wá lè má ti rí wheelchair rí, àyè tó wà ló máa wò, á bu ràǹpù kúrú. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń to búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú téèpù, kí símẹ́ńtì tó gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣákiṣàki, kí wọ́n má dán an, kí wọ́n fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì fi kọnkéré bo orí gọ́tà tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìlà tàbí fọ́ọ̀mù ni wọ́n yí padà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí HOLGA fi sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́. Wọ́n máa ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ láti kánsù kan sí òmíì, ẹni tuntun á dé pẹ̀lú àṣà ibi tó ti ń bọ̀, á tún ní "mú ọkọ ẹ wá". Ìwé yẹn lẹ máa yọ sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ má fi ọjọ́ tí alága wá ṣí i pẹ̀lú kámẹ́rà dán an wò. Ẹ jẹ́ kí oṣù kan kọjá, kí ẹni tó ń lo wheelchair lọ fúnra ẹ̀ láàárọ̀ Monday, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó wọlé, kó ṣe ohun tó bá lọ, kó jáde. Bí ẹnì kan bá ní láti gbé e, tàbí tó bá ọ̀kadà tí wọ́n gbé sórí ràǹpù, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5 kẹ́ ẹ kọ déètì tuntun.